Àna Tí Ń Wá Kọfí

Ọdún mẹ́jọ ni Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ Fádèyí ti ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláìsàn fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ní Ìdó, ó sì ti rí àfojúdi lóríṣiríṣi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì rí irú èyí tí Tìmílẹ́yìn Ẹlúyẹmí hù nínú pálọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ùsì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn. Ìyá Fẹ́yìsayọ̀ fúnra rẹ̀ ló po kọfí fún ọkùnrin náà. Wọ́n ti sọ fún wọn pé kọfí ni àlejò fẹ́ràn, ìyá sì ti ra èyí tó wà nínú ọ̀rá pẹlẹbẹ, tí mílíìkì àti ṣúgà ti wà nínú rẹ̀ pọ̀. Kọ́ọ̀bù tí wọn kì í gbé jáde àfi bí bíṣọ́ọ̀bù bá wá sílé ni ó pò ó sí. Tìmílẹ́yìn gbé kọ́ọ̀bù náà sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rọra gbé e padà sórí tábìlì.

"Ẹ má bínú, mà," ni ó wí. "Èyí kì í ṣe kọfí. N kò lè mu ún."

Ìyá ní kí wọ́n gbé ẹlẹ́rìndòdò wá. Àlejò ní òun kì í mu ohun dídùn láàárọ̀. Wọ́n gbé omi wá. Ó ní ikùn òun kò tíì mọ omi ìlú yìí.

Ikùn rẹ̀ kò mọ omi! Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìpáò, tí omi Ìpáò ni wọ́n fi rọ ọ́ títí ó fi pé ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó gbé e lọ sí Ítálì! Fẹ́yìsayọ̀ tó ń yọjú wo wọ́n láti ẹnu ọ̀nà yàrá fẹ́rẹ̀ẹ́ pòṣé sókè. Ó wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀: bàtà funfun tí kò ní ìbọ̀sẹ̀, ṣòkòtò tí kò dé ọrùn ẹsẹ̀, awò ojú dúdú tó gbé lé àtàrí bí ẹni pé ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà. Èyí ni Àǹtí Kíkẹ́ ń pè ní ẹnjiníà?

Àǹtí Kíkẹ́ yìí ni alárinà. Kọ́tìnì ló ń tà ní Ọ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gùn ju kọ́tìnì lọ. Òun ló gbé àwòrán Tìmílẹ́yìn wá ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, tó ní, "Ẹnjiníà ni ní ìlú Tòrínò. Ẹ̀rọ ńlá ló ń darí. Àwọn òyìnbó a máa tò síwájú rẹ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù." Bàbá Fádèyí gba àwòrán náà, ó sún un mọ́ ojú, ó ní, "Gíréèdì kìíní." Ìsípẹ́kítọ̀ kòkó ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìntì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń fi ọ̀bẹ bẹ́ hóró kòkó àti hóró kọfí wò kí wọ́n tó dì í sápò, kò sì sí ohun tí ojú rẹ̀ rí láyé tí kì í fún ní gíréèdì, ìbáà ṣe ìwàásù, ìbáà ṣe ọbẹ̀, ìbáà ṣe ènìyàn.

Ohun tó sọ omi àti kọfí di ọ̀ràn ńlá ni àṣà kan tó wà nílé wọn. Ní ilé Fádèyí, wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó lẹ́nu àlejò tí kò tíì fi ẹnu kan ohun mímu ilé. Bó bá ti mu ún, ọ̀rọ̀ ti ṣí nìyẹn. Bàbá ọmọ gbọ́dọ̀ bi í ní ohun tó bá wá, ó sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá mu ún, àlejò lásán ni, ẹ kí i, ẹ sìn ín sọ́nà. Bàbá sì ti búra lójú gbogbo ẹbí pé lọ́jọ́ tí ẹnjiníà bá ti mu nǹkan, "bẹ́ẹ̀ ni" ni òun yóò dáhùn. Fẹ́yìsayọ̀ ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ti kọ ọkùnrin méjì, sùúrù bàbá sì ti tán. Nítorí náà, ọmọbìnrin náà mọ ohun tó wà níwájú òun dájú. Bí ọkùnrin aláwò-ojú-lórí yìí bá mu ife kan péré nínú ilé wọn, ó ti di ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbínú kó kọ́ọ̀bù.

"Ó gbóòórùn rẹ̀! Ó gbóòórùn ohun tí mo pò bí ajá!"

"Fara balẹ̀, Yèyé Fẹ́yì," ni bàbá wí. "Ó lè jẹ́ èèwọ̀ ulé wọn."

"Èèwọ̀ wo? Ìgbà wo ni ará Ìpáò bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọfí ṣe èèwọ̀?"

"Ṣé o mọ èèwọ̀ gbogbo ulé ni? Àwọn kan kì í jẹ òkété, àwọn kan kì í jẹ àgbò. Tiwọn lè jẹ́ pé wọn kì í fi ẹnu kan nǹkan kí wọ́n tó mu kọfí gidi." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Fẹ́yìsayọ̀, gba ìsinmi lẹ́nu uṣẹ́. Ìwọ lo mọ Ìdó, ìwọ lo mọ Ọ̀yẹ́. Mú un lọ síbi tí kọfí tó ń fẹ́ wà, kí ẹ gbé e wá sílé, kó mu ún lójú mi."

Fẹ́yìsayọ̀ kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n ní kó féni lójú ti fi ata sẹ́nu. Ó mọ gbogbo ibi tí kọfí gidi kò sí ní gbogbo agbègbè yẹn, ibẹ̀ gan-an ni yóò sì mú ẹnjiníà lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá ilé ìwòsàn ní Ìdó ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Tìmílẹ́yìn fi aṣọ ìnujú nu àga kó tó jókòó. Fẹ́yìsayọ̀ rí i, ó sì fi kún ẹ̀sùn tó ń kà sí i lọ́rùn.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ ní ẹsipírẹ́sò?"

"Kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" ni olóúnjẹ béèrè.

"Kọfí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, tí ẹ̀rọ fi agbára ti omi gbígbóná gba inú rẹ̀ kọjá. Ó máa ń dúdú, ìfófòó pupa a sì wà lórí rẹ̀. Kò ju ẹnu méjì lọ."

"Ẹnu méjì?" Obìnrin náà wo Fẹ́yìsayọ̀ bí ẹni pé kó gba òun. "Àbúrò, ẹni tó bá bu ohun ẹnu méjì fún oníbàárà ní Ìdó yìí, wọ́n á fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

"Ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹ kò ní ẹ̀rọ?"

Olóúnjẹ na ìka sí kẹ́túlù oníná. Tìmílẹ́yìn wo kẹ́túlù, kẹ́túlù náà ń wò ó. Fẹ́yìsayọ̀ ní láti bọ́ síta kí ẹ̀rín má bàa pa á.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú un lọ sí Ọ̀yẹ́, síbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń jẹ ìpápánu. Wọ́n kọ kọfí gàdàgbà sára pátákó ìta. Ohun tí wọ́n gbé wá jẹ́ kọfí tútù láti inú fìríìjì, tí wọ́n da ṣokoléètì lé lórí, tí wọ́n ti igi ìfamu bọ àárín rẹ̀. Tìmílẹ́yìn tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́.

"Inú fìríìjì," ni ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ẹ lè padà sí Tòrínò," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí. "Mo gbọ́ pé ó pọ̀ níbẹ̀."

Ó rò pé ọkùnrin náà yóò bínú. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ti kọfí tútù náà síwájú rẹ̀ pé kó mu ún. Nígbà tó ń mu ún, ó bi í ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò bi í rí, bàbá rẹ̀ kò bi í, ọkùnrin méjì tó kọ̀ kò bi í.

"Ọwọ́ ọmọ ìkókó kéré. Báwo lo ṣe ń mọ ibi tí iṣan wà kí o tó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́?"

Kó tó mọ̀, ó ti ń ṣàlàyé. Ó ní ìka ló ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú. Ó ní a máa ń dúró títí iṣan yóò fi dá ìka lóhùn. Ó ní lọ́dún kìíní, gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ké ni òun náà ń sunkún ní ilé ìgbẹ́. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ láìwo fóònù lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Fẹ́yìsayọ̀ délé, ó bá ara rẹ̀ wí gidigidi. Ẹni tó kọ omi ìyá rẹ ni o ń rojọ́ iṣẹ́ fún? Ṣé kọfí tútù ló wọ̀ ọ́ lórí ni?

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dé Ìkọ̀lé. Fẹ́yìsayọ̀ mú un lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan tí òun ti jẹun níbẹ̀ rí lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì mọ̀ dájú pé ọ̀rá pẹlẹbẹ nìkan ni kọfí ibẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tó wà lórí káńtà, tí wọ́n fi aṣọ léèsì bò, tí wọ́n gbé òdòdó oníke lé lórí. Tìmílẹ́yìn rìn lọ síbẹ̀ tààrà, ó ká etí aṣọ náà sókè, ó sì dúró gbagidi.

"Ẹ̀rọ kọfí rè é," ni ó wí.

"A mọ̀," ni ọkùnrin tó jókòó sí káńtà dáhùn. "Ẹ̀ṣọ́ ni. Ọ̀gá gbé e wá láti Èkó, kò ṣiṣẹ́, wọ́n ní ká gbé òdòdó lé e."

"Ṣé ẹ lè jẹ́ kí n tú u wò?"

Ó tú u. Ó bọ́ bàtà funfun rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìnu ibi kankan. Awò orí rẹ̀ já bọ́ sínú eruku, kò wò ó. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ọsàn wẹ́wẹ́, ó fún omi rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó fi ṣan ìpẹ́ funfun tó dì sínú páìpù. Rọ́bà kan nínú rẹ̀ ti gbó. Ó gé òmíràn láti ara rọ́bà kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Ìka tó ti ń gbé kọ́ọ̀bù bí ẹni ń gbé kòkòrò, ìka yẹn náà ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú irin wọ̀nyí láìṣìnà, bí ìgbà tí Fẹ́yìsayọ̀ fúnra rẹ̀ bá ń wá iṣan. Ọkàn ọmọbìnrin náà fò, inú sì bí i sí ọkàn náà.

Lẹ́yìn bíi wákàtí méjì, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ náà ké, èéfín funfun tú jáde, agbóúnjẹ méjì sá lọ sí kíṣìnì. Tìmílẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó wò yíká.

"Hóró kọfí dà?"

Kò sí hóró kọfí. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ mọ ibi tí hóró kọfí wà. Bàbá rẹ̀ ti mú un lọ síbẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ó pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti wákàtí méjì yẹn, kò sì lè gbé e mì.

"Irú ẹnjiníà wo ló ń tú ẹ̀rọ kọfí?"

Ọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀. "Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Kọfí ni mo ń pò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Tòrínò, nídìí ẹ̀rọ tó jọ èyí. Ní ọdún kìíní, kọ́ọ̀bù nìkan ni mo ń fọ̀. Àǹtí Kíkẹ́ ló sọ mí di ẹnjiníà. Nígbà tí mo fi gbọ́, gbogbo Ùsì ti gbọ́."

Nítorí náà, òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó ń tò síwájú rẹ̀ láàárọ̀. Fẹ́yìsayọ̀ kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun gbá a létí.

"Omi ìyá mi tí o kọ̀ ńkọ́?" Láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n, kò pè é ní "o" rí.

"Màmá mi sọ àṣà ilé yín fún mi kí n tó wá. Bí mo bá mu ún, bàbá yín á fi ọ́ fún ẹnjiníà tí kò sí níbì kankan. N kò lè mu ún. N kò sì ní ìgboyà láti sọ òótọ́. Mo wá ní kọfí ni mò ń wá. Mo rò pé bí mo bá rí ẹ̀rọ kan, kí n po ọ̀kan tó dára síwájú wọn, kí n ní, ẹ wò ó, ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyí."

"Ojo!" Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí itọ́. "O sọ ìyá mi di ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fún àlejò, nítorí pé o kò lè la ẹnu. Ojo ni ọ́."

"Òótọ́ ni," ni Tìmílẹ́yìn wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ náà ńkọ́? Ta ló mú mi lọ mu kọfí inú fìríìjì?"

Fẹ́yìsayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ léèsì náà.

"Láti Ìdó ni mo ti mọ̀," ni ọkùnrin náà wí. "O jáde lọ rẹ́rìn-ín, mo rí èjìká rẹ tó ń mì."

Ojú tì í, lẹ́yìn náà ẹ̀rín gbé e, òun àti ọkùnrin náà, nínú òtẹ́ẹ̀lì Ìkọ̀lé, pẹ̀lú òdòdó oníke nílẹ̀ láàárín wọn. Àwọn méjèèjì ti ń sá fún ife kan náà. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Kọfí wà ní Ìpáò."

"Ìpáò wa?"

"Ìpáò yín. Igi rẹ̀ ni wọ́n fi pààlà oko kòkó níbẹ̀. Ọmọ Ìpáò tí kò mọ ohun tó wà ní Ìpáò, yẹ̀yẹ́ gbáà ni ọ́."

Wọ́n lọ lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin tó ti po kọfí fún odidi ọdún mẹ́sàn-án kò rí igi kọfí rí. Ó dúró nídìí rẹ̀, ó ń fọwọ́ kan ewé rẹ̀ bí ẹni ń kí ìbátan. Ìyá arúgbó kan fún wọn ní igbá hóró gbígbẹ kan, ó sì bi wọ́n bóyá adìẹ ni wọ́n fẹ́ fi bọ́. Tìmílẹ́yìn yan án nínú agbada gàrí, ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ tuntun, wọ́n sì gbé e padà sí ẹ̀rọ Ìkọ̀lé. Nígbà tó jáde níkẹyìn, dúdú, ẹnu méjì, pẹ̀lú ìfófòó lórí, Fẹ́yìsayọ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé e fún.

"Ó korò bí ewúro tí wọn kò fọ̀," ni ó wí. "Èyí ni o torí rẹ̀ wá láti Tòrínò wá dààmú wa?"

Òun náà tọ́ ọ wò, ó ṣe ojú wíwọ́. "Kò dára tó. Mo yan án jù. Jẹ́ kí n tún un ṣe."

Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin. Fẹ́yìsayọ̀ jókòó tì í, ó ń bú gbogbo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mu gbogbo rẹ̀ tán. Ìfẹ́ ni. Kò sí orúkọ mìíràn tí a lè pe obìnrin tó bá mu ohun tó korò lẹ́ẹ̀mẹrin láti lè jókòó síbì kan.

"Ọ̀la ni n ó sọ fún bàbá yín," ni Tìmílẹ́yìn wí.

Ó sọ ọ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀ Ùsì pẹ̀lú fúláàsì kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Àǹtí Kíkẹ́ wà níjòókòó. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Àǹtí Kíkẹ́ ti rántí pé àwọn tó fẹ́ ra kọ́tìnì ń dúró de òun. Wọ́n máa ń ní bí ojú bá mọjú tán, alárinà á yẹ̀bá. Ti Àǹtí Kíkẹ́ kò dúró kí ojú mọjú.

Bàbá Fádèyí ṣí fúláàsì náà. Ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì yí padà.

"Hóró Ìpáò. Ó ti gbó lórí ulẹ̀. Gíréèdì kejì." Ó dé e padà láìtọ́ ọ wò. "Ìwọ, gíréèdì kẹta. Wọn kì í di gíréèdì kẹta sápò. Ẹni tí ń fọ kọ́ọ̀bù fún ará ibùdó ọkọ̀, òun ló wá gba ọmọ lọ́wọ́ mi ní orúkọ ẹnjiníà? Gbé ohun rẹ, máa lọ."

"Bàbá…" ni Fẹ́yìsayọ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Wọlé!"

Ọjọ́ mẹ́jọ kọjá. Ó padà sí ẹnu iṣẹ́. Bó bá ti fi ìka wá iṣan lára ọmọ kan, ọ̀rọ̀ Ọ̀yẹ́ a sọ sí i lọ́kàn. Tìmílẹ́yìn pè lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni òun yóò wọkọ̀ òfúrufú, ó ní kí ó má bínú. Èyí ló bí i nínú jù. Ọkùnrin wo ló ń bẹ̀bẹ̀ dípò kó jà? Bóyá òótọ́ ni bàbá sọ. Bóyá ẹni tó sá fún òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò sá fún ìyàwó lọ́jọ́ iwájú. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Èwo lo tilẹ̀ rí lára rẹ̀?" ni ìyá rẹ̀ bi í nígbà tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. "Ẹni tó gbóòórùn ohun tí mo pò."

"Yèyé, ó béèrè nípa uṣẹ́ mi, ó sì gbọ́ ohun tí mo wí."

Ìyá ṣa òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà. "Bàbá rẹ kò béèrè tèmi rí," ni ó wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Fẹ́yìsayọ̀ gbé fóònù. "Wá lẹ́yìn ìsìn," ni ó sọ fún Tìmílẹ́yìn. "Má gbé kọfí wá."

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Fádèyí tó jẹ́ olórí ẹbí, máa ń jẹun nílé wọn. Òun náà wà níbẹ̀ nígbà tí Tìmílẹ́yìn wọlé tó dọ̀bálẹ̀.

"Ta ló ṣí géètì fún ẹni yìí?" ni Bàbá Fádèyí béèrè.

"Èmi ni," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí.

"Mo ti yẹ ẹrù yìí wò, mo sì ti dá a padà. Kí ni n ó wí ní ìjọ? Pé àna mi ń gbé kọ́ọ̀bù fún ènìyàn kiri?"

Fẹ́yìsayọ̀ wọ kíṣìnì, ó ṣí àmù ìyá rẹ̀, ó bu omi sínú kọ́ọ̀bù oníke tí gbogbo ilé fi ń mumi. Ó gbé e jáde ní ọwọ́ méjèèjì, ó rìn kọjá níwájú bàbá rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Tìmílẹ́yìn lójú gbogbo wọn.

"Bàbá, ẹ wò mí dáadáa," ni ó wí. "Èmi náà ń gbé kọ́ọ̀bù."

"Fẹ́yìsayọ̀! Gbé omi yẹn padà!"

Omi kún kọ́ọ̀bù náà dé ẹnu, ó ń ta sí i ní ìka, ṣùgbọ́n kò gbé e padà. Ó wo ojú Tìmílẹ́yìn. Bí ọkùnrin yìí bá tún wá àwáwí lónìí, ó ti parí láàárín wọn títí ayé, kò sì ní fi ẹ̀bi kan bàbá rẹ̀.

"Mu ún," ni ó wí.

Tìmílẹ́yìn gba kọ́ọ̀bù náà, ó sì mu ún tán pátápátá.

Bàbá Àgbà wú ikọ́. "Fádèyí, ó ti mu omi ulé."

"Èmi kọ́ ni mo bù ú fún un!"

"Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹni tó bù ú. Bi í ní ohun tó bá wá, kí o sì dá a lóhùn."

Fẹ́yìsayọ̀ mọ̀ pé ìdáhùn lè jẹ́ "rárá," àti pé bó bá jẹ́ "rárá," kò sí ẹni tí yóò tún ọ̀rọ̀ náà ṣí mọ́. Ìyá rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, ó fi aṣọ di ẹnu mú.

"Kí lo bá wá?" ni Bàbá Fádèyí béèrè. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń tu ẹ̀gún jáde.

"Ọmọ yín ni, sà. Kọfí ni mo ń pò fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin. Mo mọ̀ ọ́n pò dáadáa. Irọ́ tí wọ́n pa fún yín, mo gbọ́ ọ, n kò tètè sọ̀rọ̀. Ẹ̀bi mi nìyẹn."

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó wo omi tó ń kán ní ìka rẹ̀.

"Ojú rẹ kò wù mí," ni ó wí. "Uṣẹ́ rẹ kò wù mí. Àǹtí Kíkẹ́ rẹ, bí mo bá tún rí i ní Ùsì yìí, a ó jọ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni mo fi yẹ àpò wò. Àwọn tí mo bá òkúta nínú àpò kòkó wọn pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. N kò rí ọ̀kan rí tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wá fi òkúta náà hàn mí."

Ó yíjú kúrò lára ọkùnrin náà, ó sì pariwo mọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Yèyé Fẹ́yì, kí lo dúró ń wò? Gbé uyán fún àna rẹ!"